Họ́ọ̀bù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bi Léèrè

Láti Ìdí-Àràbà dé ọjà Ládìpọ̀ kò jìnnà. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìṣàgà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwòsàn LUTH, tó sì forí lé apá Mushin, kò ní pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti to ríìmù léra wọn láti ilẹ̀ kan àjà: dúdú, aláwọ̀ fàdákà, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn àti èyí tí ẹrẹ̀ òkè òkun ṣì gbẹ mọ́ lára. Wọ́n á bi oníbàárà pé, "Ọ̀gá mi, mọ́tò wo ni?" Òun náà á ní, "Camry ni, ihò márùn-ún." Ọ̀rọ̀ náà kì í sábà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ná an, wọ́n á sanwó, fókànáísà á fi táyà sí i, ẹsẹ̀ tuntun á sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún lójú títì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni sítíárì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí afárá Third Mainland, tàbí kí táyà ẹ̀yìn máa họ fẹ́ńdà nígbàkígbà tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sẹ́yìn.

Ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn ló kéré jù. Irin tí ríìmù fẹ̀yìn tì, èyí tí a ń pè ní họ́ọ̀bù, ló mọ ríìmù tó tọ́ sí ọkọ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́n, iye ihò nìkan kò mọ̀ ọ́n, ojú lásán sì máa ń tanni. Ìwọ̀n mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà tó gbọ́dọ̀ bára mu kí ọkọ̀ tó lè rìn láìséwu, gbogbo wọn pátá ni a sì lè mọ̀ kí a tó jáde nílé. Àtòkèèrè lolójú-jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọkọ̀ tó ti dàgbà ló nílò ìṣọ́ra yìí jù, nítorí pé ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá. Ẹnìkan lè ti pààrọ̀ sítọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó yọ lára họ́ọ̀bù tí nọ́ọ̀tì ń dì mọ́, ẹlòmíràn lè ti gbé họ́ọ̀bù ọkọ̀ mìíràn sí i, ríìmù tó sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lónìí lè má jẹ́ èyí tó bá kúrò ní ilé-iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi ríìmù tẹ́ ẹ bá lára rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe títí ẹ ó fi wọn họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ihò, nítorí òun ni gbogbo èèyàn rò pé àwọn mọ̀. Àwọn ihò tí nọ́ọ̀tì ń gbà wọlé wà lórí òbírí kan tí a kò fojú rí. Ìwọ̀n òbírí yìí, láti ẹ̀gbẹ́ kan gba àárín kọjá dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ni àwọn oníríìmù ń pè ní PCD. Bí wọ́n bá kọ 5×114.3, ihò márùn-ún ni, lórí òbírí tó fẹ̀ tó 114.3 mm. Nọ́ńbà náà rí wúruwùru torí pé íńṣì mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n yí padà sí mìlímítà. Òun ló wà lára Camry tí a ń pè ní Big Daddy, ti 2002 sí 2006, òun náà ló sì wà lára Muscle tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá: ihò márùn-ún ni tiẹ̀ náà, Toyota ló ṣe é, síbẹ̀ 5×100 ni. Camry tó ṣáájú 1992 pàápàá, 5×100 ni. Ilé-iṣẹ́ kan náà, iye ihò kan náà, òbírí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Honda tún fi tirẹ̀ kún un. Accord 1998 sí 2002 tó ní ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin ń lo ihò mẹ́rin, 4×114.3, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní V6 ń lo márùn-ún. Nígbà tí èyí tí a sọ ní End of Discussion dé ní 2003, gbogbo rẹ̀ di márùn-ún. Ẹni tó ní Accord oníhò mẹ́rin tí ojú rẹ̀ sì wọ ríìmù End of Discussion kò ní ọ̀nà tó dára láti gbé e wọlé, ọ̀rọ̀ dídùn ọlọ́jà kankan kò sì lè yí ìyẹn padà. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òde òní. Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ ń lo bóòtù márùn-ún lórí òbírí 205 mm. Nígbà tó fi máa di 1968, ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sí bóòtù mẹ́rin lórí 130. Ẹni tó ń tún Ìjàpá ṣe lónìí gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sanwó ríìmù fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le. Bí ihò bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ wọ̀n láti àárín ihò kan tààrà dé àárín èyí tó kọjú sí i. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún, kò sí ihò tó kọjú sí ara wọn gan-an, nítorí náà ẹ wọn àárín ihò méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po 1.7. Bí ẹ bá rí nǹkan bíi 58.8 mm, 100 ni. Bí ẹ bá rí 67.2, 114.3 ni. Kí ó má bàa ṣòro láti mọ àárín ihò, ẹ wọ̀n láti etí òsì ihò kan dé etí òsì ihò kejì. Ìdáhùn kan náà ni.

Ibẹ̀ ni ewu kan fara pamọ́ sí. Mercedes ń lo 5×112, ihò méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra sì fi 65.8 mm jìnnà síra. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ti Camry kò tó mìlímítà kan ààbọ̀. Tápù tí aránṣọ ń lò kò lè rí i. Fáníà tí àwọn oníléètì ń lò ni yóò rí i. Ihò àárín ríìmù Mercedes sì tóbi ju ti Toyota lọ, nítorí náà ríìmù náà á kọjá lórí họ́ọ̀bù, nọ́ọ̀tì á mú, gbogbo ojú á rí i pé ó wọlé. Kò wọlé o. Gbogbo sítọ́ọ̀dù ni nọ́ọ̀tì ń fà wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan péré ni nọ́ọ̀tì fi jókòó, gbogbo gálọ́ọ̀pù tí ọkọ̀ bá sì kó sí ló ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kan sítọ́ọ̀dù á já. Àwọn kan máa ń fi fáìlì fẹ ihò kí ó lè gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún yín. Ẹni tó ń gbé ní Ìdí-Àràbà, tó ń rí ọkọ̀ pàjáwìrì tó ń sáré wọ LUTH tọ̀sán-tòru, kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹsẹ̀ kan bá yọ lára ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ihò ńlá tó wà láàárín ríìmù ni èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun ló ń mú kí ríìmù dúró sí àárín gbùngbùn họ́ọ̀bù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀tì ni kí ó tẹ ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù. Apá họ́ọ̀bù tó yọ sínú ihò yẹn ló ń darí ríìmù kó má bàa yẹ̀. Ẹ wo ìdílé 4×100, tí ọkọ̀ kéékèèké púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Ihò àárín Corolla àtijọ́ jẹ́ 54.1 mm, ti Honda Civic ọdún 1992 sí 2000 jẹ́ 56.1, ti Golf 3 jẹ́ 57.1. Ríìmù Corolla kò lè wọ Golf láéláé, torí họ́ọ̀bù Golf tóbi ju ihò rẹ̀ lọ. Ríìmù Golf á wọ Corolla, ṣùgbọ́n àlàfo mìlímítà mẹ́ta á wà níbẹ̀, ríìmù á sì jókòó síbi tí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ bá fà á sí. Láti nǹkan bíi 80 sí 100 kìlómítà ní wákàtí, sítíárì á máa gbọ̀n, fókànáísà á sì máa báláǹsì táyà léraléra láìrí ibi tó ti ń gbọ̀n. Òrùka tín-ínrín kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti ríìmù láti dí àlàfo yìí. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé, ó dára púpọ̀. Èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù ni mo fẹ́ràn jù fún ọkọ̀ tó ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìṣẹ́jú nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gba, torí ooru bíréèkì lè ba oníláílọ́ọ̀nù jẹ́. Ẹ má gbàgbé pé òrùka ń dí ihò tó tóbi jù nìkan. Ihò tó kéré jù kò ní òògùn tó rọrùn. Ẹ̀rí rẹ̀ wà lára Peugeot 406 àti 307, àwọn tí ilé-iṣẹ́ PAN tò pọ̀ ní Kàdúná: 4×108 ni wọ́n, Ford Focus àkọ́kọ́ náà 4×108 ni, ṣùgbọ́n ti Peugeot jẹ́ 65.1 láàárín, ti Ford kò sì ju 63.4 lọ. Ríìmù Ford á kàn máa kan họ́ọ̀bù Peugeot ní góńgó ni.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ló gba àlàyé jù, òun ni mo sì rò pé ó ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù ní ìlú Èkó, nítorí pé àbájáde rẹ̀ kì í yá. Ẹ gbé ríìmù dùbúlẹ̀, kí ẹ fojú inú gé fífẹ̀ rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba. Ojú ibi tí ríìmù ti ń tẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù lè wà lórí ìlà àárín náà, ó lè sún sí apá ìta, ó sì lè sún sí apá inú. Iye mìlímítà tó fi sún ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn ríìmù lẹ́yìn lẹ́tà ET. Bí ojú náà bá ṣe súnmọ́ ìta tó ni ET ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ríìmù ṣe ń wọ inú fẹ́ńdà lọ tó. Bí ET bá kéré, ríìmù á yọ síta. Mercedes 124, tí wọ́n ṣe láti àárín àwọn ọdún 1980, ń lo ríìmù tí wọ́n kọ 6½J×15 ET49 sí lára. 6½ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní íńṣì, 15 ni gíga rẹ̀, 49 sì ni ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí.

BMW ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Series 3 tí wọ́n ń pè ní E36 àti E46, àti Series 5 tó ń jẹ́ E39, gbogbo wọn ló ń lo 5×120. Ojú lè rí wọn bí ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ríìmù E39 oní-íńṣì méje máa ń ní ET20, nígbà tí ti E36 tó fẹ̀ bákan náà jẹ́ ET47. Bí ẹ bá gbé ti E39 sí E36, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fi mìlímítà 27 yọ síta ju bó ṣe yẹ lọ. Ihò àárín E39 sì jẹ́ 74.1, èyí tó fi mìlímítà kan ààbọ̀ tóbi ju 72.6 tí họ́ọ̀bù E36 jẹ́. Nǹkan méjì ti yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà á kò purọ́ nígbà tó ní ríìmù BMW ni.

Kí ni mìlímítà 27 lè ṣe? Ó sún ibi tí ẹrù ọkọ̀ ti ń tẹ táyà kúrò níbi tí béárìn ti retí rẹ̀. Gbogbo kòtò tí ẹsẹ̀ yẹn bá kó sí ń wọ́ béárìn, táí-ròòdù àti bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sítíárì á máa fà lọ́wọ́ nígbà tí táyà kan bá kó sí gálọ́ọ̀pù tí èkejì kò kó sí i. Lára ọkọ̀ tuntun, ó lè pẹ́ kó tó hàn. Ọkọ̀ tó ti dàgbà, tí sípíríìnì rẹ̀ ti rẹlẹ̀, tí róbà inú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó, á fi hàn kíákíá: fẹ́ńdà á gé etí táyà nígbà tí ẹrù bá wọ ọkọ̀. Bí ET bá sì pọ̀ jù, òdì kejì ni: inú ríìmù á máa kan ṣọ́ọ̀kì tàbí kálípà, nígbà mìíràn kìkì bí a bá yí sítíárì dé òpin.

Fífẹ̀ àti ET jọ ń ṣiṣẹ́ ni, a kò gbọ́dọ̀ wo ọ̀kan láìwo èkejì. Ká ní ríìmù tó wà lẹ́sẹ̀ Camry jẹ́ 6½J pẹ̀lú ET50, tí ẹnìkan sì fẹ́ ra 7½J pẹ̀lú ET35. Íńṣì kan tó fi fẹ̀ sí i jẹ́ 25.4 mm, ìdajì rẹ̀, 12.7, á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ ET jẹ́ 15, ìta ni gbogbo rẹ̀ ń sún sí. Etí òde ríìmù tuntun á tipa bẹ́ẹ̀ yọ síta pẹ̀lú 27.7 mm, etí inú rẹ̀ á sì fi 2.3 mm jìnnà sí ṣọ́ọ̀kì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣirò yìí kò gbà ju bébà kékeré àti ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, mo sì rọ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ríìmù tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ pé kó ṣe é kó tó jáde nílé.

Bí wọn ò bá kọ ET sára ríìmù, ẹ lè wá a. Ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ fi igi tó gún dábùú etí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wọ̀n láti abẹ́ igi náà dé ojú ibi tó ń tẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọn gbogbo fífẹ̀ ríìmù láti etí òde dé etí ẹ̀yìn, kí ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì yọ ìdajì náà kúrò nínú ìwọ̀n àkọ́kọ́. Ríìmù 6½J sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi 190 mm láti etí dé etí, torí 6½ náà kò ka etí méjèèjì mọ́ ọn. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 95. Bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ bá jẹ́ 145, ET rẹ̀ jẹ́ 50.

Bí ET bá pọ̀ jù, àwọn kan á ní kí a fi sípésà sáàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ọkọ̀ àtijọ́ lórí irú títì tí a ní. Sípésà pẹlẹbẹ ń jẹ nínú gígùn sítọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀tì yẹ kó dì mú, ó sì lè bo ibi tí họ́ọ̀bù ti yọ, tó fi jẹ́ pé ríìmù kò ní ohun tó máa gbé e sí àárín mọ́.

Nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ní ìwà tirẹ̀. Toyota àti Honda ń lo sítọ́ọ̀dù oní-12 mm tí ìlà ara rẹ̀ fi 1.5 mm jìnnà síra. Ọ̀pọ̀ Nissan ń lo 12 mm kan náà pẹ̀lú 1.25. Nọ́ọ̀tì Toyota á wọ Nissan fún yíyí kan tàbí méjì, á wá le. Ẹni tó bá fi sípánà gígùn fipá yí i ti ba méjèèjì jẹ́. Ibi tí nọ́ọ̀tì ti jókòó lára ríìmù ló tún yàtọ̀. Ti Honda jẹ́ kìrìbìtì bí ìdajì bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ríìmù alumíníọ̀mù tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ń lo nọ́ọ̀tì tó ní ọrùn gbọọrọ àti wáṣà pẹrẹsẹ. Ríìmù tí àwọn mìíràn ń ṣe tà fún gbogbo ọkọ̀ sábà máa ń fẹ́ nọ́ọ̀tì tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Bí ẹ bá fi èyí tó ṣóńṣó sínú ihò tí wọ́n ṣe fún wáṣà pẹrẹsẹ, etí ihò nìkan ló máa gbá mú. Ó le lónìí, ó máa tú lọ́la. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra ríìmù, ẹ béèrè nọ́ọ̀tì tó bá a wá, kí ẹ sì fi ìka yín kan ẹnu ihò náà wò bóyá ó ṣóńṣó, ó kìrìbìtì tàbí ó pẹrẹsẹ.

Golf, Mercedes àti BMW kì í ní sítọ́ọ̀dù; bóòtù ni wọ́n ń lò, bóòtù náà sì lè gùn jù tàbí kó kúrú jù. Ìdánwò tí mo gbà gbọ́ ni kí a fi ọwọ́ nìkan yí nọ́ọ̀tì tàbí bóòtù wọlé, láìlo sípánà, kí a sì kà á. Fún 12 mm onílà 1.5, ó yẹ kó yí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ kí ó tó dì. Bí ó bá dì lẹ́yìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má gbé ọkọ̀ náà jáde.

Ní ti dídì rẹ̀ pa, Toyota ní kí nọ́ọ̀tì Camry gba 103 Nm, Honda ní 108 fún Accord. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá gun orí sípánà tó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́, ó sì lè ti na sítọ́ọ̀dù kọjá agbára rẹ̀. Torque wrench kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn fókànáísà ẹ̀bá títì, ṣùgbọ́n ó wà ní ọjà, ẹni tó bá ní ọkọ̀ lè ra tirẹ̀ sílé. Kí ẹ sì tún un dì lẹ́yìn ìrìn bíi 50 sí 100 kìlómítà.

Ọ̀rọ̀ gíga táyà kò gba àkókò púpọ̀ bí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Nínú 205/65R15, fífẹ̀ táyà jẹ́ 205 mm, gíga ògiri rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ríìmù sì jẹ́ íńṣì 15. Gbogbo gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 647 mm. Ríìmù Muscle tó wá pẹ̀lú 215/60R16 á wọ họ́ọ̀bù Camry 1999 dáadáa, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ jẹ́ 664. Aago á máa pe 100 nígbà tí ọkọ̀ ń sá ju 102 lọ, ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ á sì máa ti ẹsẹ̀ tó ga ju èyí tó mọ̀ lọ. Bí ẹ bá fi 205/60R16 sórí ríìmù kan náà, gíga á jẹ́ 652, ìyẹn sì súnmọ́ra tó. Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà awakọ̀, bí àwọn tó kun ọkọ̀ náà kò bá tíì kùn ún pa. Lára àwọn ọkọ̀ Yúróòpù, ẹ tún wo ẹ̀yìn ìdérí ojú táǹkì epo.

Èrò tèmi ni pé kí ọkọ̀ àtijọ́ má kọjá íńṣì kan sókè. Ògiri táyà 185/65R14 ga tó 120 mm. Bí a bá sọ ọ́ di 195/55R15, gbogbo gíga rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ògiri náà ti di 107. Mìlímítà mẹ́tàlá yẹn ni ì bá gba ìyà kòtò fún ríìmù. Ríìmù onírin tí àwọn èèyàn ń fojú kéré náà yẹ fún ọ̀wọ̀: tí ó bá kó sí kòtò, ó sábà máa ń wọ́, wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù lè là.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ̀yìn ríìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú ni wọ́n ń kùn. Ẹ̀yìn kì í purọ́. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kí ẹ wá ìlà tín-ínrín tó ti etí wọ inú, pàápàá níbi tí ọwọ́ ríìmù ti so mọ́ àgbá rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti jó o ní wẹ́dìn tí wọ́n sì fi fáìlì fá a dán. Èyí tí wọ́n bá ti jó ní wẹ́dìn lẹ́bàá ihò nọ́ọ̀tì tàbí lára ọwọ́ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó rẹwà tó. Lẹ́yìn náà ẹ yí i lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wò ó bóyá ó ń gbọ̀n. Àmì JWL tí àwọn ará Japan ń tẹ̀ sára ríìmù alumíníọ̀mù jẹ́ ohun tó dára láti rí. Láàárín ríìmù tòkunbọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe àti tuntun tó ń dán tí kò ní àmì tàbí nọ́ńbà kankan lẹ́yìn, èmi á mú tòkunbọ̀, bí kò bá ti là.

Táyà tó bá wà lórí ríìmù náà kì í ṣe ọrẹ. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà lẹ́yìn rẹ̀; láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà wa ti ń wá. Táyà àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin de, síbẹ̀ wọ́n kún ọjà. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT rẹ̀: 3519 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019. Àjọ SON àti FRSC máa ń kìlọ̀ pé kí táyà má kọjá ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó sàn kí a ra ríìmù lófìfo.

Lófìfo náà ló rọrùn láti dán wò. Kí ẹ tó san gbogbo owó, ẹ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, kí wọ́n gbé ríìmù kan sí iwájú láìsí táyà. Ó yẹ kó wọ họ́ọ̀bù tímọ́tímọ́, kó sì dúró lórí rẹ̀ kí ẹ tó fi nọ́ọ̀tì kankan sí i. Ẹ fi ọwọ́ yí i, kí ẹ yí sítíárì dé òpin lápá méjèèjì, kí ẹ fi ìka wá àlàfo láàárín rẹ̀ àti kálípà. Ẹ ṣe bákan náà lẹ́yìn, torí bíréèkì ẹ̀yìn lè yàtọ̀. Ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí. Èyí tó bá bínú ti dá yín lóhùn.

Ó ku táyà èkísírà tó wà nínú bùtù. Bí ríìmù tuntun bá gba nọ́ọ̀tì tó yàtọ̀ sí ti àtijọ́, èkísírà onírin kò ní lè lo tuntun náà. Lára ọkọ̀ tó ń lo bóòtù, ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i, nítorí bóòtù gígùn ti ríìmù alumíníọ̀mù lè gba inú ríìmù onírin tó fẹ́lẹ́ kọjá, kó sì lọ gún bíréèkì lẹ́yìn. Ẹ tọ́jú nọ́ọ̀tì tàbí bóòtù kúkúrú ti àtijọ́ náà sínú àpò kan, kí ẹ so ó mọ́ èkísírà gan-an, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà pé ibẹ̀ ló wà.